Ìlà Kẹrin

Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló fọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹ̀kọ́ náà. Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti ní ìtọ́jú pàjáwìrì ni yóò bi àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ni Àǹtí bá gé ẹ̀kọ́ nípa ohun tó há sí ènìyàn lọ́fun sí ìlà márùn-ún bí ẹni gé búrẹ́dì, ó sì fún ọmọ márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti ka tirẹ̀, á tẹríba, á padà sẹ́yìn. Ó dùn ún gbọ́ bí orin.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kí-Ló-Fà-Á kò gba ìlà kankan, nítorí ìbéèrè ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀fun ni nǹkan há sí, kí ló wá kan ikùn tí wọ́n ní kí àwọn tẹ̀? Àǹtí ká bébà rúgúdú, ó fi dí ẹnu ike omi tó ti ṣófo, ó fún ike náà níbàdí. Bébà fò jáde, ó ba Gàgàrà, mónítọ̀ wọn, níwájú orí. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Àǹtí ní atẹ́gùn tó wà nínú àyà ló ń ti nǹkan jáde bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ike sójú fèrèsé.

Lọ́jọ́rú, níbi tí wọ́n ti ń dán an wò, Gàgàrà tẹríba títí ó fi forí gbá tábìlì. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, súìtì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì pá a lórí.

Ó fẹ́ wúkọ́, ikọ́ kò jáde. Ó fẹ́ mí, èémí kò wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé Àǹtí ń ṣe bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun ni.

Ọmọ kìíní jáde, ó ní òun máa bi í bóyá ó lè wúkọ́, ó tẹríba, ó padà. Èkejì ní òun máa tẹ̀ ẹ́ síwájú. Gàgàrà tó ni ìlà kẹta ní òun máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ó wá kan ìlà kẹrin. Ojú ń dun ẹni tó ni ìlà kẹrin, kò wá sílé-ìwé. Wọ́n yíjú sí ẹni karùn-ún.

"Kò tíì kàn mí," lọ́mọ náà wí.

Àǹtí balẹ̀ lórí eékún. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó mọ gbogbo ìlà márààrún, kò sì lè sọ ẹyọ kan. Ó na ọwọ́ sójú fèrèsé, ó nà án, ó nà án, ọwọ́ rẹ̀ ba ike. Ó fún un níbàdí. Ó tún fún un.

Kí-Ló-Fà-Á dìde lẹ́yìn pátápátá.

"Kì í ṣe eré o. Gàgàrà, gbá a lẹ́yìn."

"Kí n na Àǹtí?"

"Gbá a!"

Gàgàrà gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún, omijé ń dà lójú rẹ̀. Súìtì kò mira. Àǹtí kúnlẹ̀, ìyẹn ni apá ọmọbìnrin náà fi ká a. Kí-Ló-Fà-Á gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo, lábẹ́ ìhà, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, ó fà á sínú, ó fà á sókè. Ó tún fà á. Orí Àǹtí ti ń rọ̀ sí apá rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nǹkan kan ta pọ́ú, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Èémí tó wọlé dún bí ayùn lára igi.

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó ń wo ojú wọn, ọmọ méjìlélógójì. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó há bí ohùn ẹlòmíì.

"Ẹ dìde ní méjì-méjì. Ìlà kìíní. Gbogbo yín."

Ẹnì kan rán an létí pé ọ̀la ni alábẹ̀wò ń bọ̀, wọn kò sì ní lè kà á já geere mọ́.

"Kó máa bọ̀," ni Àǹtí wí.