Ẹ Ka Ewúrẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, mo tún di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tòun tewú orí mi yìí, wọ́n ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n ka àwọn ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá mi olóògbé ló ṣílẹ̀kùn, ó pọn ọmọ, ó sì kúnlẹ̀ kí mi.

“Bàbá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ ka ewúrẹ́.”

Àwọn ewúrẹ́ tò, káàdì lọ́rùn wọn, wọ́n ń na ẹsẹ̀ kí n rí ojú abẹ́rẹ́. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ó wá ku ọmọ tó pọ̀n. Èmi ni. Mo mọ̀ pé bí n kò bá kọ ọ́, n kò ní sí láyé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́!”

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o, bàbá arúgbó!”

Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi àpá abẹ́rẹ́ mi hàn án. Ó wò ó títí, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i.

“Pẹ̀lẹ́, Àjàní. Ó ti tán.”

Mo bá jí.