Omi Òkè Dé Ilé Ìdáná

Láti ìgbà tí bàbá mi ti já bọ́ lórí pákó tí wọ́n fi ń gun ògiri ni ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ti ká mọ́. Bíríkìlà ni wọ́n. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ilé tiwa kò ní omi. Ìsun kan wà lẹ́yìn ilé, lókè lọ́hùn-ún láàrin àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni ìyá mi ń ru korobá sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Bàbá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ìyá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé òkè ni omi yẹn wà àbí ìsàlẹ̀?"

"Ọrùn mi ò tíì gbàgbé pé òkè ni."

"Ó dáa. Ohun tó wà lókè, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gba ìsinmi nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo wálé. Ìdí ni bàbá mi fi wọ́ gun òkè náà, èmi tẹ̀lé wọn, mo ru sìmẹ́ńtì. A gbẹ́ ojú ìsun títí a fi kan àpáta. Wọ́n mọ ògiri kékeré yí i ká, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó máa sẹ́ omi, wọ́n fi asẹ́ sẹ́nu páìpù, wọ́n sì fi kọnkéré dé e kí ewé àti ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Lẹ́yìn náà la na páìpù gba orí àpáta kan tó dábùú ọ̀nà, títí dé táńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.

Púlọ́ńbà àdúgbò ń kọjá lọ, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, láìsí ẹ̀ńjìnnì tó máa fa omi kọjá àpáta yẹn? Omi kì í ṣọmọ tí ẹ máa pè kó wá."

"Ọmọ gan-an lorí ẹ̀ kunkun jù."

Ọjọ́ tá a ṣí ẹnu páìpù náà, omi kán tó-tó-tó, ó húkọ́, ó dákẹ́. Ìyá mi gbé korobá wọn, wọ́n kọrí sókè. Èyí dun bàbá mi ju ẹsẹ̀ lọ.

Bàbá mi fi ìdí wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tí a ò tíì bò, wọ́n ń fi èèkù ṣíbí ìrẹ́lé kàn án, wọ́n ń fi etí lé e. Kù, kù, kù. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tó ti gun àpáta kan kọjá, ó yí padà: kọ́, kọ́.

"Afẹ́fẹ́ ló há síbí," ni wọ́n wí.

Púlọ́ńbà tó wá wòran kúnlẹ̀, òun náà fetí sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò rẹ̀, ó lu ihò síbi tó ga jù lórí páìpù náà, ó dè é mọ́ ọn, ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ jáde, ó pẹ́ díẹ̀, omi wá tú sí i lójú. Ó tì í pa.

Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Ohùn wọn wá láti ilé ìdáná, ó rọlẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá wọn, ó ti dé."

Púlọ́ńbà nu ojú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹbí kan wà lódìkejì òkè yìí tí wọ́n ní irú ìsun báyìí. Mo ti sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Ṣé ẹ máa bá mi débẹ̀? Màá fi ọ̀kadà gbé yín."

Bàbá mi wo ẹrẹ̀ tó bo sòkòtò wọn títí dé ìbàdí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀," ìyá mi dá a lóhùn láti ilé ìdáná. "Omi wà."