Ẹni Kẹtàdínlógún Jẹun Yó

4.

…mo kọ ọ́ bí ẹni ìkẹtàdínlógún ṣe sọ ọ́. Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀.

(Irọ́ ni. Mo yọ ẹ̀rín rẹ̀. Ó pọ̀ ju ojú ìwé lọ.)

5.

ÌWÉ ÌBÉÈRÈ
Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yunifásítì: Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ná àti oúnjẹ tí ó ń jẹ
Ẹni: ìkẹtàdínlógún

Ta ní ń fún ọ lówó?
Bàbá mi. Káfíńtà ni wọ́n.

Ṣé ó ń tó ọ?
Ó ń tó ra iyọ̀.

Kí lo jẹ lánàá?
Ẹ̀wà àti ẹyin láàárọ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án. Ẹja lálẹ́. Ọsàn méjì.

6.

Ẹni ìkẹrìndínlógún, tí òun àti ìkẹtàdínlógún jọ ń gbé yàrá, ọmọ dókítà ni. Owó tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ọmọ káfíńtà.

Ohun tó jẹ lánàá: bisikíìtì. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bisikíìtì.

7.

Láti ẹni kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìwádìí mi tò bí eyín: owó kékeré, oúnjẹ kékeré, owó ńlá, oúnjẹ ńlá. Àwọn méjì yìí ló wá dà á rú.

Fúráìdé ni mo gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ mi.

8.

ÈMI: Ẹ káàsán mà. Ẹni ìkẹtàdínlógún ń ba ìṣirò mi jẹ́: owó rẹ̀ kéré, oúnjẹ rẹ̀ pọ̀.
OLÙKỌ́ MI: Irọ́ ló ń pa. Yọ ọ́.
ÈMI: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, mà.
OLÙKỌ́ MI: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ fojú ara rẹ rí i.

9.

Mo lọ.

10.

[Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Yàrá wọn, ọ̀sán Sátidé.]

ÈMI: Ta ló ra ìrẹsì yìí?
ỌMỌ KÁFÍŃTÀ: Àwọn ará yàrá kejì. Àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ra ẹ̀fọ́. Èmi ni mò ń sè é.
ÈMI: Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.
ỌMỌ KÁFÍŃTÀ: Àǹtí, ta ló ní mi ò ní? Ọwọ́ mi ńkọ́? Iyọ̀ ńkọ́?

(Ẹ̀rín. Ṣíbí já bọ́.)

ÈMI: Ọmọ dókítà, kí ló dé tí o kì í bá wọn jẹ?
ỌMỌ DÓKÍTÀ: Kò sẹ́ni tó pè mí. Mi ò sì mọ sítóòfù tàn. Ojú ń tì mí.
ỌMỌ KÁFÍŃTÀ: Yéè! Èmi rò pé ẹ̀wà wa ò tó ọ jẹ ni!

(Ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ tó ń sáré.)

ÈMI: Ibo ló ń lọ?

11.

Ọmọ dókítà padà dé pẹ̀lú ẹja kan tó gùn tó apá mi. Òógùn ti bò ó.

"Ṣé ó tó?"

Ó tó. Ó ṣẹ́kù.

12.

Mo jẹ àwo méjì.

13.

Kí n kúkú sọ òótọ́: owó oúnjẹ mi ni mo fi tẹ ìwé ìbéèrè. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti jẹun yó. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ara mi ohun tí mo jẹ lánàá.

14.

OLÙKỌ́ MI: O rí i?
ÈMI: Mo rí i, mà. Mo jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.
OLÙKỌ́ MI: Olùwádìí kì í jẹ oúnjẹ ẹni tí ó ń wádìí rẹ̀!
ÈMI: Ẹ má bínú, mà.
OLÙKỌ́ MI: Kí ni wọ́n sè?

15.

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn wọn)
Ẹni tó lówó, kó mú owó wá.
Ẹni tó lágbára, kó wá fọ ìkòkò.
Ẹni tí kò ní nǹkan kan, kó mú ebi wá.

16.

ÀBÁJÁDE ÌWÁDÌÍ:

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀la ni Fúráìdé.

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ dókítà ni, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó ti din ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹyin náà jóná lápá kan. Ó ní kí n yára tọ́ ọ wò kó tó tutù…