Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán Bàbá Olùdásílẹ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má kà á sókè. Bí ẹni tó ń bá ilé ìwé ìjọ ṣiṣẹ́ bá wà nítòsí rẹ, pa á dé ná. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ, o ò mọ̀ mí rí. Mo bẹ̀ ọ́ ni.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ìwé náà, tí mo ń nu àga. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Èmi àti ìyá mi ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé àdúrà. Ìyá mi ló ń se oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé nígbà tí agbára wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́, àwọn àgbà ìjọ ní kó máa gbé yàrá náà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tí wọ́n fi ẹnu fúnni, wọ́n lè fi ẹnu gbà á padà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Àwòrán Bàbá Olùdásílẹ̀ ló wà lára ògiri iwájú gbọ̀ngàn, tòun tirùngbọ̀n rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ kalẹ̀. Òróró ni wọ́n ta sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ilé ìwé ló fẹ́ wó. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kun ògiri, ńṣe ni àwọn pẹ́ńtà máa ń kùn yí i ká. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

Àfìgbà tí wọ́n kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun sí òdìkejì ọgbà, tí wọ́n ní kí Bàbá lọ máa gbé ibẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà, ó lọ. Káfíńtà gun àkàbà, èmi di àkàbà mú. Ó sọ àwòrán náà kalẹ̀.

Ibi tí férémù Bàbá bò funfun, ó ní igun mẹ́rin. Àmọ́ láàárín funfun yẹn, ojú ibì kan rí roboto bí ẹyin, ó ní àwọ̀ ewé. Ìṣó mìíràn wà lókè rẹ̀. Àwòrán kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n kun ògiri yí ká.

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Ẹnìkan ti jókòó síbí kí Bàbá tó dé o! Bàbá wá gba àga ẹni ẹlẹ́ni!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí ti lanu, èmi ni mo sì dúró níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, ọ̀gá àgbà ilé ìwé ló dúró yẹn. A ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo káfíńtà, ó wá wò mí.

"Kí wọ́n kun ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìwọ onígbàálẹ̀, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"O ṣeun."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi. "Ẹ káàárọ̀, mà." Ọ̀gá, sí onígbàálẹ̀! Ká ní ó bú mi ni, ẹ̀rù ò bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí ibùsùn.

"Wọn ò rántí kun ẹ̀yìn ẹ̀," ó ní. "Ọ̀lẹ ni wọ́n."

"Màámi, ta ló wà níbẹ̀?"

"Obìnrin ni. Kò sí nínú ìjọ wọn. Inú pálọ̀ ẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ilẹ̀ ẹ̀ la sì wà yìí. Ó yá ìjọ nílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ kíláàsì. Bó ṣe kú báyìí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n ní Bàbá ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwa tá a mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ká gbé ẹnu wa dákẹ́. Àwọn yòókù ti kú. Èmi tó kù, wọ́n fún mi ní yàrá. Àbí o rò pé ọbẹ̀ mi ló dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Bí wọ́n bá lé wa, ibo la fẹ́ kó lọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkùnrin kan dé, ó ní wọ́n ní kóun wá kọ ìtàn ilé ìwé àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ń pè mí ní àǹtí. Ó tún bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Akọ̀wé tó ń bá onígbàálẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ló ń wá?

"Àǹtí, wọ́n ní Màmá ló pẹ́ jù lọ níbí. Mo fẹ́ wá kí wọn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀gá àgbà ni."

Ẹni tó ní kí wọ́n kun ògiri, òun náà ló tún ń júwe ìyá mi fún òpìtàn? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá mi ṣì rántí ni.

"Màmá ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́," mo ní. "Etí wọn ti di."

"Kò burú, mo lóhùn," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ wá ni. Òpìtàn jókòó lórí àpótí, ó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí ibùsùn. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkè àjà.

"Màmá, òrùlé yín mà ń jò. A máa wò ó, ká lè mọ̀ bóyá ẹ ṣì lè máa gbé ibí."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo sì gbọ́ èyí tí ò sọ.

"Màmá," òpìtàn ní, "ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí?"

Mo ń ṣẹ́jú sí ìyá mi. Ó rí mi. Àmọ́ ìyá mi, bí èèyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni fi oyin sí i lẹ́nu ni.

"Obìnrin ni."

"Obìnrin kẹ̀?" òpìtàn ní. "Bàbá Olùdásílẹ̀ wá ńkọ́?"

Kí ìyá mi tó dáhùn, ọ̀gá àgbà ti wọlé. Ó lóṣòó ti ibùsùn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Kí lorúkọ obìnrin náà, Màmá?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí ò mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ó mọ orúkọ náà. Bóyá àwa mọ̀ ọ́n ló fẹ́ mọ̀.

Ìyá mi wò ó títí. Ó wá wò mí, ó rí i pé òkè àjà tó ń jò ni mo ń wò. Ó fi ìka ti ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ òpìtàn.

"Ẹnu ti rẹ̀ mí."

"Orúkọ ẹ̀ nìkan, Màmá."

"Mo ní ẹnu ti rẹ̀ mí. N ò sọ̀rọ̀ mọ́."