Mi Ò Ní Àbúrò

Rùfáì tó ń tún fíríìjì ṣe ní Mafoluku kò lè jókòó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Á mú irinṣẹ́, á gbé e sílẹ̀. Á jáde síta, á wo ojú ọ̀nà, á tún wọlé bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a.

Lánàá ni obìnrin kan pè é láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ọ̀rọ̀ físà Salimat, ọmọ rẹ̀, wò. Salimat fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ òkèèrè, Ìdrís, àbúrò Rùfáì, ni yóò sì gbé bùkátà rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni Ọ̀gbẹ́ni Ìdrís jẹ́ sí yín?"

"Ìdrís wo? Èmi ò ní àbúrò kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà." Ló bá gé fóònù.

Bí Rùfáì ṣe máa ń dáhùn nìyẹn láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú n'Ísẹ́yìn. Ìdrís kò dúró dè é kó tó sìnkú. Kí mọ́tò Rùfáì tó wọ ìlú, wọ́n ti kírun sí òkú lára, erùpẹ̀ ti bo ìyá. Gbogbo Mafoluku ló mọ̀ pé tó bá ti ní òun ò ní àbúrò, inú ló ń bí i. Ta ni yóò wá sọ ìyẹn fún obìnrin físà?

Salimat wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. "Bàbá mi, wọ́n ní irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ yọjú lórí fídíò lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn."

"Èmi àti ta ni?"

"Bàbá mi!"

Rùfáì wọ bàtà, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Wọ́n wọ márúwá lọ sí Ṣógúnlé, níbi tí Ìdrís ti ń ta táìlì. Ìdrís wò ó tẹsẹ̀ torí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹni tí ò ní àbúrò. Ta lẹ wá wá?"

"Ìdrís, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Áà! Ẹ mọ orúkọ mi!"

Salimat gbé fóònù síwájú wọn. Obìnrin àná yọjú. "Bàbá Salimat, ta lẹ jókòó tì yìí?"

Rùfáì sún mọ́ fóònù. "Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ ò ní àbúrò?"

"Ó sin ìyá mi láìdúró dè mí."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àlùfáà ló ní…"

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ẹ ti wá parí ìjà náà, sà?" Obìnrin náà ló bi í.

Salimat fẹsẹ̀ tẹ bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Rárá," ni Rùfáì wí. "A ò tíì parí ẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ní òun á rán ọmọ mi nílé ìwé, á rán an. Mo lè búra sí ìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ ìyá ni yín lóòótọ́. Ẹ máa retí èsì."

Fídíò kú. Rùfáì ti dìde, ó ń wá ọ̀nà àbájáde.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Ìdrís wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọjọ́ yẹn fún yín."

"Lórí ìdúró ni màá ti gbọ́ ọ," ni Rùfáì dáhùn. Kò sì lọ.