Ta Ló Jí Fóònù Ìyá Mi?

Nígbà tí ohùn Mọ̀dínátù aránṣọ há, gbogbo ará àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó di dókítà. Ẹnìkan ní kó máa jẹ orógbó, òmíràn ní oyin àti atalẹ̀. Ó lo gbogbo rẹ̀, ohùn ò yí padà. Nígbà tó yá, tó bá ti gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Dókítà tó wo ọ̀fun rẹ̀ ò rí egbò kankan níbẹ̀. Àyà ló wá yà ní fọ́tò. Ó ní ọkàn Mọ̀dínátù ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ó ti wú, ó sì ti tẹ iṣan tó ń mú ohùn ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọkàn náà. Ní ti ohùn, ó lè padà, ó sì lè má padà.

Ó yẹ kí Mọ̀dínátù ti sọ fún Qanitah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ já ọmọ náà láyà. Látìgbà tí ohùn ti há, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń fi ránṣẹ́: "Ara mi le. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé ìpè." Irọ́ gbuu.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun. Ó pè é.

"Qanitah, èmi ni, ìyá rẹ. Mo wà ní ọsibítù. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi."

Ohùn náà dún bí àpótí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Qanitah sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn gbájúẹ̀ rí.

"Ta ló jí fóònù ìyá mi? Ìyá mi kì í dún báyìí! Olè! Àgbàyà!"

Mọ̀dínátù gbàgbé ọkàn, ó gbàgbé iṣẹ́ abẹ. Inú bí i gidigidi.

"Èmi lo ń pè ní àgbàyà? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nínú ulé nìyẹn? Bó tilẹ̀ jẹ́ olè, ṣé kò jù ọ́ lọ ni? Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ, ùyà ni n ó fi jẹ ọ́!"

Qanitah mọ ìbáwí yẹn. Gbájúẹ̀ a máa bẹ̀bẹ̀, a sì máa ṣàdúrà fúnni. Kì í báni wí.

"Màámi?" Ó ti kúnlẹ̀ sórí táìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mọ̀dínátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú èémí tó ń já. Ó ní ohùn òun lè má padà mọ́.

"Mo ń bọ̀ ní Adó nísinsìnyí," ni Qanitah wí, ó ń sunkún. "Ẹ ṣáà jí, Màámi, kí ẹ máa bá mi wí lọ."