Òṣómàáló Lẹ́nu Ọ̀nà Alájì Ọdúntán

Mọ́tò náà ti ń fi ẹ̀yìn bọ̀ kí Màmá Òkìkí tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ká ìró mọ́ra, ó fi ìdí lé gìgísẹ̀, bàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sílẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn. Èéfín mọ́tò bù lù ú lójú. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó wá mú orin sẹ́nu.

*Ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo wà, Olúwa,*
*Òṣó ni mo ló, n ò jókòó,*
*Bí O ò dá mi lóhùn, n ò ní relé.*

Dírẹ́bà fọn fèrè. Màmá kò mira. Dírẹ́bà yọrí jáde.

"Ẹ̀yin màmá yìí, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣé ikú ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lódìkejì títì bú sẹ́rìn-ín. Ní Òkè-Fìà, ẹ̀rín kì í pẹ́ kó tó pe èrò. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn èèyàn ti yí wọn ká.

Nínú ilé tí Màmá kọ ẹ̀yìn sí yìí, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti Rùkáyà mọ́ yàrá. Rùkáyà ti parí póli, kì í ṣe ọmọdé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ní Dàda Estate, ẹ̀gbẹ́ Màmá ló sì máa ń jókòó sí, tí á máa ka Bíbélì sí i létí, nítorí pé Màmá àti ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ mọra. Lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Àdúràgbèmí. Bàbá rẹ̀, Alájì Ọdúntán, gbọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lónìí ni mọ́tò yìí máa gbé e lọ bá àwọn ará wọn lókè Ọya, kí wọ́n so yìgì fún un lọ́hùn-ún, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Bó bá sì ti gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, ta ló tún máa rí i?

Pásítọ̀ ti ní kí kálukú máa gbàdúrà nílé, kí ìlú má bàa dàrú. Òkìkí, ọmọ tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ti bẹ̀ ẹ́ títí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má débẹ̀." Màmá ní òun gbọ́. Ó jẹ́ kí Òkìkí lọ síbi iṣẹ́, ó wé gèlè, ó wọ kẹ̀kẹ́.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí i lọ́mọ, ní Ọ̀tan-Ilé. Aṣọ ni bàbá náà ń tà láwìn kiri. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà ń fọ̀la dọ́la, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò ní jókòó, kò ní bú èèyàn, kò sì ní lọ. "Òṣómàáló kì í bínú," ló máa ń wí fún Màmá nígbà èwe. "Ẹni tó bá bínú ti dìde nìyẹn." Àdúrà tí Màmá mọ̀ kò ju ìyẹn náà lọ. Kò mọ gbólóhùn ńláńlá. Kó ṣáà lóṣòó ti Ọlọ́run, kó máa kọrin.

Wọ́n ní onísùúrù á se òkúta jinná, á mu omi ọbẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bí orúnkún onítọ̀hún á ṣe rí nídìí ààrò. Orúnkún Màmá ti ń dùn ún.

Alájì yọ sí i lẹ́yìn láti inú ilé, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kejì.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ dìde lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ẹ káàsán, Alájì. Ọmọ ni mo wá gbà."

"Ọmọ ta?"

Màmá tún ìró rẹ̀ ká mọ́ra.

"Orí itan mi lọmọ yẹn ti kọ́ álífù kéwú," Alájì wí. "Ẹ fi orin gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ tún wá ń kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára. Láàárín èrò, ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n da omi lu Ìjẹ̀ṣà olóríkunkun. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wọ́ ọ jù sí títì. Òkúta kékeré kan fò wá, ó ba ògiri lẹ́bàá orí rẹ̀. Èébú kan tó dáa, èébú Ọ̀tan-Ilé gan-an, ti dé góńgó ahọ́n Màmá. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó gbé e mì, ó fi orin sìn ín lọ sísàlẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ti ń há. Olúwa, àbí O ò sí nílé ni? Ó kọrin náà dé ìlà kejì, ó sì gbọ́ ọ láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọwọ́ ń lu ilẹ̀kùn, kò, kò, kò, ó ń bá orin náà rìn. Ọmọ náà ń gbè é! Ayọ̀ gbé Màmá débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Alájì náà gbọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Dírẹ́bà, máa fi ẹ̀yìn bọ̀!"

Mọ́tò ṣí. Táyà gun bàtà Màmá tó bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Irin ẹ̀yìn mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Màmá di ojú. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì kú.

"Alájì, mi ò lè ṣe é," dírẹ́bà wí. "Èmi náà ní ìyá."

"Nọ́síràtù!" Alájì ké pe ìyàwó rẹ̀. "Wá gbé obìnrin bíi tìẹ kúrò níbí!"

Ìyá Rùkáyà jáde. Obìnrin tínrín ni, híjáàbù rẹ̀ rún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó wo Màmá. Ó wo mọ́tò. Ó ká ìró mọ́ra, ó sì lóṣòó ti Màmá.

"Nọ́síràtù, kí lò ń ṣe?"

"Bàbá Rùkáyà, ẹ bá mi wí tó bá yá. Bí ọmọ yìí bá dé òkè Ọya, kò ní jẹun títí tó fi máa kú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oríkunkun yín ló jogún."

Ládàánì pe irun àyílà ní mọ́ṣáláṣí. Alájì dúró, ó ń wo àwọn obìnrin méjì náà léjìká sí èjìká. Tẹ̀sùbáà kò yí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú wọn.

"Kí n má bá ọmọ yẹn nílé tí mo bá kírun tán." Èrò là fún un, ó kọjá.

Orin ìṣẹ́gun ti dé Màmá lẹ́nu, èyí tó ní ijó nínú. Ó di ògiri mú, ó dìde, ó tiro tẹ̀ lé Nọ́síràtù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iwájú ilẹ̀kùn yàrá ni orin náà kú sí. Ẹní kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó dábùú ilẹ̀kùn gan-an. Tẹ̀sùbáà kékeré wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Àárín ẹní náà ti jìn, bí ibi tí èèyàn jókòó sí tí kò dìde.

"Ta ló ń sùn síbí?"

"Èmi ni." Nọ́síràtù ń wá ojú ihò kọ́kọ́rọ́. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì í. Àwọn àbúrò Alájì fẹ́ wọlé lù ú. Mo ní kí wọ́n gba orí mi kọjá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Rùkáyà ti rù. Kì í ṣe Màmá ló dì mọ́, ìyá rẹ̀ ni. Nọ́síràtù ń di aṣọ sí báàgì, ó ń tú u, ó ń tún un dì, etí rẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí. Níkẹyìn ó ká ẹní náà, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́.

"Oorun ibi àjèjì kì í tètè kùn ún. Ẹ máa tẹ́ ẹ fún un."

"Ẹ máa bọ̀ wá wò ó o. Dàda Estate ò jìnnà."

Nọ́síràtù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò ní òun á wá, kò ní òun ò ní wá.

Nínú kẹ̀kẹ́, Rùkáyà gbé orí lé Màmá léjìká. "Màmá, ẹ kọrin fún mi."

Màmá la ẹnu. Bàbá rẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn tó bá ti gba ohun tó wá gbà. Òun bojú wẹ̀yìn. Nọ́síràtù ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, ó mú bàtà tí táyà tẹ̀ náà lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ padà díẹ̀díẹ̀.

Màmá pa ẹnu dé. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹní tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ṣì móoru.